Táyà, kọ́nà àti ojú títì: ìbéèrè tí àwọn tó ń gun ọ̀kadà máa ń bèèrè jù

Mi ò tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ o, èyí tí ẹ bá ti mọ̀ ẹ fò ó. Ohun kan tí ẹ máa rí pé mo ń tẹnu mọ́ látòkè délẹ̀ ni pé táyà tó dáa máa ń mú ilẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ, ohun tó máa ń gbé èèyàn ṣubú ní kọ́nà ni ọwọ́ òjijì, pàápàá lórí ilẹ̀ tí a ò wò dáadáa ká tó wọ̀ ọ́.

Kí ló di ọ̀kadà mú gan-an tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà?

Rọ́bà ni. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ ò tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ibi méjì yẹn náà ló gbé ọ̀kadà, ló gbé yín, ló gbé ẹrù àti ẹni tó wà lẹ́yìn. Rọ́bà yẹn rọ̀, tí ìwúwo bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á wọ àárín àwọn òkúta kéékèèké inú ọ̀dà, á há síbẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó yọ̀. Ìdí nìyẹn tí títì tí ojú ẹ̀ rí hárahàra fi ń mú táyà ju èyí tí ọkọ̀ ti tẹ̀ títí tó ń dán lọ. Lórí ọ̀dà gbígbẹ tó dáa, agbára tó lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó yọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ìwúwo tó gbé. Tí ilẹ̀ bá tutù ó lè já sí ìdajì tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Lórí yìnyín, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí wọ́n máa ń sọ pé ká má tẹ bíréèkì nínú kọ́nà?

Torí pé táyà kan náà tó ń bá yín yà lẹ tún fẹ́ kó dá yín dúró. Ẹ wò ó bí owó tó wà lápò èèyàn, tẹ́ ẹ bá ti ná gbogbo ẹ̀ sórí yíyà, kí lẹ fẹ́ fi ra bíréèkì? Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn máa ń ṣi ìṣirò yìí ṣe o, torí kì í ṣe ìyọkúrò lásán. Agbára yíyà ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, agbára bíréèkì ń fà sẹ́yìn, wọ́n dábùú ara wọn, torí náà ẹni tó ti lo 80 nínú 100 láti fi yà ṣì ní 60 tó lè fi tẹ bíréèkì, kì í ṣe 20. Ẹni tó ti lo 95 ṣì ní bíi 30. Ẹni tó ti lo gbogbo ẹ̀ ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ìyẹn ló fà á tí ẹni tó rọra wọ kọ́nà fi lè máa fún bíréèkì díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ kó sì dúró wẹ́rẹ́, tí ẹni tó sáré wọlé á kàn fọwọ́ gbá bíréèkì iwájú, pàrà, ó ti wà nílẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún bíréèkì iwájú lójijì, ìwúwo ò tíì wá síwájú, táyà iwájú ò tíì rí ohun tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ti ní kó dúró. Ó máa yọ̀ ni. Ẹ rọra fún un, kí ìwúwo wá síwájú ná, kí táyà fẹjú mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ lè wá fún un kankan. Ọwọ́ kan náà, bíréèkì kan náà, àsìkò tó fi yàtọ̀ síra ò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bákan náà, tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì iwájú nígbà tẹ́ ẹ ṣì fì, ọ̀kadà á fẹ́ dìde nàró, tó bá sì ti dìde kì í yà mọ́, tààrà ló ń lọ, sínú gọ́tà tàbí síwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Mo kàn fi díẹ̀ kún eré ni, kí ló wá yí padà tó bẹ́ẹ̀?

Eré kì í fi díẹ̀ kún nǹkan ní kọ́nà. Tẹ́ ẹ bá sọ eré di ìlọ́po méjì, agbára tó ń ti táyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká mú kọ́nà kan tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fà á yípo di róbótó, láti àárín ẹ̀ dé etí ẹ̀ á jẹ́ mítà 50. Tẹ́ ẹ bá fi eré kìlómítà 40 ní wákàtí kan gbà á, ọ̀kadà á fì ní nǹkan bíi dígírì 14, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ fì. Ní 60 ó ti di nǹkan bíi 30. Ní 80 ó ti di 45, ìyẹn sì ni ibi tí agbára ẹ̀gbẹ́ ti bá gbogbo ìwúwo yín dọ́gba, etí òpin ohun tí táyà ojú pópó lè gbà lórí ọ̀dà gbígbẹ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ni ibi ìtẹsẹ̀ wọn ti máa ha ilẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ẹ wá wò ó báyìí: kọ́nà tẹ́ ẹ fi 60 gbà lánàá tí ọkàn yín balẹ̀, tí òjò bá rọ̀ sí i lónìí, 60 yẹn kan náà ti wà níbi tó ti lè yọ̀. Kò sí ohun tẹ́ ẹ ṣe yàtọ̀ o, ilẹ̀ ló yí padà.

Afẹ́fẹ́ mélòó ló yẹ kó wà nínú táyà?

Iye tí àwọn tó ṣe ọ̀kadà kọ sínú ìwé ẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ nítòsí ṣéènì. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra ẹ̀, òpin tó lè gbà ni, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ máa fọ́n sí i, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣi eléyìí mú. Ìgbà tí táyà bá tutù ni kẹ́ ẹ fi gééjì wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tó gùn ún jáde, torí tó bá ti gbóná iye á ti gòkè, tẹ́ ẹ bá wá jò ó wálẹ̀ nígbà yẹn, tó bá tutù tán ẹ máa rí i pé ó ti kù díẹ̀ jù. Bí ojú ọjọ́ bá yàtọ̀ ní dígírì 10 (ti Sẹ́síọ́ọ̀sì), afẹ́fẹ́ inú táyà á yàtọ̀ ní bíi psi kan sí méjì, psi yẹn ni ìwọ̀n tí gééjì fi ń ka afẹ́fẹ́. Fífi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sọ pé ó ti le, kì í ṣe wíwọ̀n o, táyà tó ti dín psi 8 ṣì lè le lábẹ́ àtàǹpàkò.

Tí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, ara táyà á máa rọ́, á gbóná jù, ọ̀kadà á wúwo láti yà, tẹ́ ẹ bá wà láàárín kọ́nà á máa ṣe bíi pé ó fẹ́ jó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá pọ̀ jù, ibi tó fara kan ilẹ̀ á dínkù, gbogbo òkúta ni á máa ta á sókè. Àwọn kan sì máa ń sọ pé tí òjò bá ń rọ̀ ká jò ó kù díẹ̀ kó lè mú ilẹ̀. Lójú títì ọlọ́dà, rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kí ìlà ojú táyà là sílẹ̀ kó lè lé omi jáde, tẹ́ ẹ bá jò ó, ìlà yẹn á pa dé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà ni, kí ló dé tó ń yọ̀?

Ojú táyà tuntun máa ń dán bó ṣe jáde látinú ohun tí wọ́n fi rọ ọ́, kò tíì gé, kò sì tíì dá ara ẹ̀ mọ́ irin tí wọ́n fi sí dáadáa. Ẹ fún un ní bíi kìlómítà 150, kẹ́ ẹ má sáré, kẹ́ ẹ má fún bíréèkì lójijì, kẹ́ ẹ sì máa fì ní díẹ̀díẹ̀, torí pé àárín ẹ̀ lè ti gé tán kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣì máa dán bó ṣe wà. Àwọn tó máa ń ṣubú pẹ̀lú táyà tuntun, ọ̀pọ̀ wọn kì í kúrò ládùúgbò tí wọ́n ti dè é.

Ẹ tún wo àmì ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kẹ́ ẹ rí i pé ibi tí wọ́n kọjú ẹ̀ sí náà ló ń yí sí. Wọ́n máa ń dè é lódìkejì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé táyà ti parí iṣẹ́?

Nínú ìlà ojú ẹ̀, ẹ máa rí òkè kékeré kan tó dábùú, tí ojú táyà bá ti jẹ débi tó bá òkè yẹn dọ́gba, ó ti tán. Òfin orílẹ̀-èdè yàtọ̀ síra, ní Jámánì mílímítà 1.6 ni jíjìn tó kéré jù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mílímítà 1 fún ọ̀kadà tó bá ju 50cc lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gùn ún nínú òjò ò gbọ́dọ̀ dúró de òfin.

Jíjẹ nìkan kọ́ sì ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níparí ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn DOT. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà máa ń gan bó ṣe ń dàgbà kódà tí ẹ ò bá gùn ún. Ẹ kúnlẹ̀ tì í níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti wà, ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ síta díẹ̀ nítòsí irin, tẹ́ ẹ bá rí àwọn ìlà tíntìntín bíi sísán, tẹ́ ẹ tún fi èékánná tẹ ojú ẹ̀ tí kò rọ̀ rárá, ẹ má fi táyà yẹn fì mọ́, ì báà ní ojú tó jìn tó mélòó.

Èyí tó máa ń tan àwọn tó ń gba ojú títì gbọọrọ lójoojúmọ́ jẹ ni táyà ẹ̀yìn tí àárín ẹ̀ ti jẹ di pẹlẹbẹ tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣì dáa. Ẹ máa gùn ún tààrà kò ní ṣe nǹkan kan. Ibi tẹ́ ẹ bá ti fì tó fẹ́ kúrò lórí pẹlẹbẹ bọ́ sórí ẹ̀gbẹ́, ó máa kọ́kọ́ kọ̀, á wá ṣubú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ á rò pé ó ti ń yọ̀, ẹ̀rù á bà á, á fọwọ́ kan bíréèkì.

Ṣé táyà tí ìlà ẹ̀ jìn ló máa ń mú ilẹ̀ jù?

Lórí ọ̀dà gbígbẹ, rárá. Àwọn tó ń fi ọ̀kadà díje nínú MotoGP máa ń fì kọjá dígírì 60 lórí táyà tí kò ní ìlà kankan. Iṣẹ́ ìlà ni kó lé omi. Ìdí nìyẹn tí táyà tó ti dán fi máa ń tan èèyàn, gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa sìn yín dáadáa, ọjọ́ tí omi bá dúró sójú títì lẹ máa tó mọ̀. Táyà onígogoro tí wọ́n ṣe fún inú igbó àti ẹrẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ mú ọ̀dà, àwọn gogoro yẹn máa ń rọ́ tẹ́ ẹ bá fì, rọ́bà díẹ̀ ló sì ń kan ilẹ̀.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣé kí n máa lọ àbí kí n dúró?

Tẹ́ ẹ bá lè dúró, ẹ dúró. Òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti gbẹ fún ìgbà pípẹ́ burú ju èyí tó ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀ lọ, torí gbogbo ọ́ìlì tó ti ń kán sílẹ̀, èérún rọ́bà àti eruku á gbéra, á pò mọ́ omi, á di nǹkan yíyọ̀ kan báyìí tí ojú ò tètè rí. Tó bá ti rọ̀ gidi fún bí ìdajì wákàtí, á ti fọ púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn òjò náà, ẹ má jẹ́ kí oòrùn tàn yín. Títì á ti gbẹ gbogbo ẹ̀, kọ́nà kan á wà lábẹ́ igi tí oòrùn ò dé, omi ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ewé tó ti rà mọ́lẹ̀, ẹ̀yin ẹ ti gbàgbé pé òjò rọ̀. Ewé tutù ò ṣeé fojú di.

Ní ti omi tó dúró rẹrẹ, táyà ọ̀kadà rí róbótó, ó máa ń la omi kọjá ju ti mọ́tò lọ, àmọ́ tí eré bá pọ̀ tí ojú táyà sì ti jẹ, ó lè gun orí omi. Ẹ ò ní lè yà, ẹ ò ní lè dúró. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún bíréèkì, ẹ má yí ọwọ́ padà, ẹ rọra dín tọ́rótù kù, ìyẹn ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń fún un níná, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tún bá ilẹ̀.

Kí ni gbogbo nǹkan tó yẹ kí ojú mi máa wá nílẹ̀ kí n tó wọ kọ́nà?

Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù. Wọn kì í sì kàn wà káàkiri, wọ́n níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Táyà mọ́tò ló ń gbá wọn kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀, torí náà wọ́n máa ń kó jọ sáàárín, láàárín ipa táyà ọ̀tún àti ti òsì, àti sétí títì níta kọ́nà. Inú kọ́nà náà ń kó o, níbi tí ọkọ̀ ti ń gé e mọ́ etí tó ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ wọ títì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó mọ́, ibi tí táyà mọ́tò ń tẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Níbi tí ọ̀nà erùpẹ̀ bá ti jáde sí títì tàbí tí wọ́n ń kọ́lé, kí ẹ ti máa retí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i.

Díísù ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn. Bẹntiróòlù tó bá dà sílẹ̀ máa ń gbẹ lọ, díísù kì í lọ bọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń dúró síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá rọ epo kún táǹkì ọkọ̀ ńlá jù tí ìdérí ẹ̀ ò sì dé dáadáa, ibi tí ọkọ̀ yẹn bá ti yà ló máa ń dà á sí, ẹ̀yin náà sì nìyí, ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa fì: ráúndábáòtù, kọ́nà tó jáde nílé epo, ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń yà. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ ó máa ń hàn bí ìlà dúdú tó ń dán, lórí omi á máa ṣe àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè. Imú yín á sì máa gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Tẹ́ ẹ bá ti gbóòórùn díísù, ẹ gbé ọ̀kadà dìde, ẹ dín eré kù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó wá ibi tó wà.

Irin tó bá tutù, ẹ kà á sí yìnyín. Ìdérí ihò ojú títì, irin tí wọ́n fi so afárá pọ̀, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo ibi tí wọ́n gbẹ́. Ẹ gbé ọ̀kadà nàró kọjá lórí ẹ̀, ẹ má fún bíréèkì, ẹ má fi iná kún un, ẹ ṣáà kọjá. Ojú irin rélùwéè ní tiẹ̀, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ dábùú ẹ̀ kọjá bí àgbélébùú, torí tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà á bọ́ sínú kòtò ẹ̀ á sì máa tọ̀ ọ́ lọ, ẹ ò lè fi agbára yọ ọ́.

Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi fa ìlà sójú títì máa ń yọ̀ tí omi bá bà á, àwọn ibi tí wọ́n ti kọ lẹ́tà ńlá tàbí tí wọ́n kun gbogbo ẹ̀ fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ló burú jù. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi dí ibi tí títì ti sán náà tún nìyẹn, tí oòrùn bá mú un ó máa ń rọ̀, tẹ́ ẹ bá fì lórí ẹ̀ ẹ máa rí i pé ìdí ọ̀kadà mì wìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó tún dúró. Ìyẹn nìkan kì í gbé èèyàn ṣubú, ìbẹ̀rù tó tẹ̀lé e ló ń gbé e.

Ìgbẹ́ ẹran, ẹrẹ̀ tí katakata wọ́ látoko, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Mo ti fì tán kí n tó rí yanrìn níwájú, kí ni kí n ṣe?

Tí àyè bá wà, ẹ gbé ọ̀kadà nàró lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún bíréèkì gidi nígbà tó wà nínàró, ẹ tú bíréèkì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé orí yanrìn, ẹ kọjá, lẹ́yìn náà ẹ tún fì. Ó dùn ún sọ lẹ́nu, ó gba ìdánrawò.

Tí àyè ò bá sí, ẹ má ṣe nǹkan kan lójijì. Ẹ mú tọ́rótù sójú kan, ẹ yọwọ́ kúrò lórí bíréèkì iwájú, ẹ dín fífì kù díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń wọ orí ẹ̀, ẹ má di ọwọ́ ọ̀kadà mú gírígírí. Táyà máa yọ̀ díẹ̀, á bọ́ sórí ọ̀dà tó mọ́, á tún mú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yíyọ̀ yẹn kì í ṣe nǹkan kan, táyà fúnra ẹ̀ á tún ara ẹ̀ ṣe tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ kó rí àyè.

Ojú yín ńkọ́? Ibi tẹ́ ẹ bá ń wò ni ọ̀kadà máa lọ. Tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ yanrìn, ẹ máa gba orí yanrìn gan-an kọjá, tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ igi, igi ni. Ẹ wá ibi tó mọ́, kẹ́ ẹ máa wo ibẹ̀ nìkan.

Kòtò ńkọ́?

Tẹ́ ẹ bá máa kó sí i náà, ẹ tú bíréèkì kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ẹ̀, torí bíréèkì ti tẹ ṣọ́ọ̀kì iwájú mọ́lẹ̀, kò ní àyè tó máa fi gba kòtò mọ́. Ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀ lórí àga.

Kọ́nà kan wà tó máa ń gbé mi jáde lọ sí ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀, ṣé táyà mi ló fà á?

Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Kọ́nà tó ń há sí i bẹ́ ẹ ṣe ń wọ inú ẹ̀ nìyẹn, ẹnu ẹ̀ fẹ̀, ìdí ẹ̀ há. Ẹ fi eré tó bá ẹnu ẹ̀ mu wọlé, ẹ dé àárín, ó ti pọ̀ jù. Ẹ máa wo ibi tí etí títì ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé lójú yín. Tí ibẹ̀ bá ń sún síwájú bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, kọ́nà ń là nìyẹn, ẹ lè fún un níná. Tó bá dúró sójú kan tàbí tó ń sún mọ́ yín, kọ́nà ń há, ẹ dín eré kù kó tó pẹ́ jù. Eré yín ò gbọ́dọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ lè fi dúró láàárín ibi tójú yín rí lọ, bó ti wù kí táyà dáa tó.

Tẹ́ ẹ bá ti wà nínú ẹ̀ tó ti ń gbé yín lọ, ẹ fì sí i. Mo mọ̀ pé ara ò ní fẹ́. Ẹ ti ọwọ́ ọ̀kadà tó wà lápá ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yà sí síwájú: ẹ fẹ́ lọ sósì, ẹ ti ọwọ́ òsì síwájú, ọ̀kadà á ṣubú sósì á sì yà sí i. Ó dà bí òdìkejì létí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, àmọ́ bí gbogbo ọ̀kadà ṣe ń yà nìyẹn tó bá ti ń sáré, ẹ ti ń ṣe é tipẹ́ láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bọ́ sínú igbó, ọ̀kadà wọn ṣì lè fì dáadáa kó tó yọ̀, àwọn gan-an ni ò fì í.

Ṣé ojú títì tí kò dáa kọ́ ló ń pa àwọn tó ń gun ọ̀kadà jù?

Ìwádìí kan wà tí Harry Hurt àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní yunifásítì Southern California gbé jáde lọ́dún 1981, ìjàǹbá ọ̀kadà 900 ni wọ́n lọ wò níbi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an lágbègbè Los Angeles. Kòtò àti títì tó bàjẹ́ ló fa ìdá 2 péré nínú 100. Nínú èyí tí kò kan ọkọ̀ mìíràn, tó jẹ́ ọ̀kadà nìkan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ àṣìṣe ẹni tó gùn ún, èyí tí wọ́n sì rí jù ni kó fún bíréèkì jù kó yọ̀, tàbí kó sáré jù ní kọ́nà tàbí kó má fì tó, kó wá jáde. Ọjọ́ ti pẹ́ o, títì wọn náà kì í ṣe ti gbogbo ayé, níbi tí títì ti burú iye yẹn lè má rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn, àwọn náà la ṣì ń ṣe.

Ọ̀kadà mi ní ABS, ṣé mo lè fún bíréèkì bó ṣe wù mí ní kọ́nà?

ABS ni ohun tí kì í jẹ́ kí bíréèkì há táyà pa, èyí tó wọ́pọ̀ kàn ń wò ó bóyá táyà fẹ́ dúró láìyí ni. Kò mọ̀ pé ẹ fì. Ó lè jẹ́ kí táyà máa yí kó sì tún yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ yín. Ọdún 1988 ni BMW kọ́kọ́ gbé ABS wọ ọ̀kadà tó ń tà, lórí K100, èyí tó mọ ìwọ̀n tí ọ̀kadà fì ò sì dé àfi ọdún 2013, nígbà tí iléeṣẹ́ Bosch ṣe é fún ọ̀kadà KTM 1190 Adventure. Ìyẹn máa ń dín agbára bíréèkì kù bẹ́ ẹ bá ṣe fì tó. Ó dáa gan-an, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà tó lè jẹ́ kí táyà mú ilẹ̀ lórí díísù.

Táyà ẹ̀yìn yọ̀, kí ni kí n má ṣe?

Ẹ má ti tọ́rótù pa lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá tì í pa, táyà tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á mú ilẹ̀ lójijì, ọ̀kadà á ta dìde, á ju yín sókè gba orí ẹ̀ kọjá, ìyẹn sì máa ń ṣeni léṣe ju kí ọ̀kadà kàn yọ̀ lọ nílẹ̀ lọ. Ẹ rọra dín in kù. Tó bá jẹ́ táyà iwájú ló dúró láìyí nítorí bíréèkì, ẹ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí àkókò àròjinlẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n ní ká máa fì sọ́tùn-ún sósì kí táyà lè gbóná.

Kò gbóná tó nǹkan. Bíréèkì àti iná tẹ́ ẹ fún un lórí ìlà tààrà ló ń mú un gbóná. Táyà tó tutù kì í mú ilẹ̀ dáadáa, ẹ wá fẹ́ máa fi fì.

Mo sábà máa ń gbé èèyàn sẹ́yìn, ṣé ó kan táyà?

Ó kàn án. Ìwé ọ̀kadà máa ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó yàtọ̀ fún ẹrù, ẹ̀yìn ló sábà máa ń pọ̀ sí i, ẹ sì mú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn le sí i tó bá ṣeé yí. Ìdí ọ̀kadà tó rì máa ń mú kí iwájú fúyẹ́, táyà iwájú á máa lọ sójú títì bí ẹni tí kò fẹ́ lọ. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn kó máa fì pẹ̀lú yín, kó má jókòó gan bí ẹni tó ń bínú.

Ṣé mo lè fi ohun tí wọ́n fi ń mú táyà dán kùn ún?

Ẹ̀gbẹ́ nìkan, tó bá di dandan. Kò gbọ́dọ̀ kan ojú tó ń tẹ ilẹ̀ láé. Ọ́ìlì ṣéènì náà bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i tẹ́ ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀, ńṣe ló máa ń ta sára táyà ẹ̀yìn. Ẹ fi sí i lálẹ́ kó lè gbẹ di òwúrọ̀, kẹ́ ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Ìṣó gún táyà mi, wọ́n ti dí i, ṣé mo ṣì lè fì bíi ti tẹ́lẹ̀?

Ó dọwọ́ ibi tó ti gún un. Tó bá jẹ́ àárín ojú táyà, tí ihò ẹ̀ kéré, tí wọ́n sì tú u tí wọ́n dí i látinú, ẹ lè máa gùn ún lọ, kẹ́ ẹ kàn máa wọn afẹ́fẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Èyí tí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ láti ìta láìtú táyà, ẹ fi rọra gùn ún délé ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tàbí igun tẹ́ ẹ ń fì lé, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ibẹ̀ ló ń rọ́ jù nínú kọ́nà, ohun tí wọ́n fi dí i kì í pẹ́ já kúrò.